Ìbò Inú Sáúnà

Ọwọ́ mẹ́rin ló yẹ kó gòkè.
Mẹ́ta gòkè. Tèmi dúró lórí orúnkún mi,
ó ń làágùn bí ọwọ́ olè
kó tó gbéra.

Tampere ni, nínú oṣù Kejì,
adágún ti dì bí òkúta, ọkọ̀ ń kọjá lórí rẹ̀.
Ilpo, Tarmo, Seppo, èmi Aulis onílù,
a jókòó níhòòhò nínú ooru,
kò sí aṣọ tí a lè fi bojú.
Níta, Veikko ń la igi.
A ń gbọ́ àáké rẹ̀: gbà. Ó dákẹ́. Gbà.
Igi tó ń là ló ń mú ara wa gbóná
bí a ṣe ń yọ ọ́ lẹ́gbẹ́.

Òun ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́
kí n tó bẹ̀rẹ̀ àwáwí.
Òun ló sọ wá ní Yìnyín Dúdú,
èyí tí kì í hàn lójú títì títí ọkọ̀ yóò fi yọ̀.
Owó oṣù mẹ́ta nílé iṣẹ́ aṣọ híhun
ló fi ra gìtá àkọ́kọ́.
Òun ló gbé ìka Tarmo, ọ̀kọ̀ọ̀kan, sórí okùn,
bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní bí a ṣe ń so bàtà.
Èmi, ibi tí mo ti ń fi ṣíbí lu ike ló bá mi.
Ó ní, "Ìwọ, tẹ̀ lé mi."

Ẹ tún gbọ́ èyí.
Ní Turku, ó kọ orin kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìmọ̀.
Ní Oulu, ó ta ẹ̀rọ agbóhùnsókè Seppo, ó fi mutí,
ó sì bá wa wá a di òru.
Ní Kuopio, ó sùn lọ lórí pèpéle, gìtá ń ké lábẹ́ àyà rẹ̀;
àwọn èrò pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni.
Àti alẹ́ tó já ìtọ́kọ̀ gbà lọ́wọ́ mi,
pé òun rí ìyá òun láàárín títì.
Ìyá rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti ìgbà ẹ̀rùn.
Ọkọ̀ yí lẹ́ẹ̀mejì.

Ilpo ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé.
Mo fẹ́ bi í pé ta lọba nínú wa,
àwa tí ìka yẹn kọ́ ní gìtá.
Mo fẹ́ sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.
Ṣùgbọ́n mo rántí ọkọ̀ tó ń yí,
mo rántí ọmọ mi, ọmọ oṣù mẹ́rin,
Raija gbé e dání lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí mi.
Ọwọ́ mi gòkè.

Gbà, ni àáké wí. Kò wí mọ́.

Ó wọlé, igi lápá, yìnyín nínú irùngbọ̀n.
Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan; mo rò pé ó ka ìbò náà lójú wa.
Ó ní, "Iná yín ti fẹ́ kú."
Ó ki igi mẹ́rin bọ̀ ọ́,
ó rọra ti ilẹ̀kùn kí ooru má baà jáde.

A gbajúmọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Awo orin mẹ́fà, Hamburg, Stockholm.
Ìyẹn làwọn ènìyàn fi ń dá wa láre,
bí ẹni pé àtẹ́wọ́ ni adájọ́.
Ọkọ̀ ojú omi ni Veikko ń tún ṣe ní Rauma báyìí.
Ó fi ọtí sílẹ̀ ní ọdún kẹsàn-án.
Ṣé torí pé a lé e ni? Mo bi í lẹ́ẹ̀kan.
Ó ní, "Aulis, na ìṣó yẹn sí mi."

Ó tọ́ kó lọ. Bó bá tún di òní, màá nawọ́.
Ohun tí kò tọ́ ni pé inú ooru rẹ̀ la ti ṣe é,
a kò lè dúró kó gbé àáké sílẹ̀,
kó jókòó, kó gbọ́ ọ lẹ́nu wa.

Mo ní sáúnà tèmi báyìí.
Èmi ni mò ń la igi rẹ̀.
Bí àlejò bá dìde láti bá mi là á,
mo máa ń ní kó jókòó.